Ìkéde Ìjọ Kàn Yín



Ní òpin Mísà ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí àwọn onígbàgbọ́ bá ti gba Ara Olúwa, kí àlùfáà tó súre ìkẹyìn, ẹnìkan a máa dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ láti ka ìkéde. Ó lè jẹ́ pé àwọn obìnrin yóò gbá àgbàlá ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé ara ìyá àgbà kan kò yá, kí a lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣe aya, kí ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó lè dí ìgbéyàwó náà lọ́wọ́ wá sọ ọ́. Nígbà náà ni ẹ óò rí i tí àwọn kan yóò máa yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú wọn ni a ti ń rí àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìsàmì. Lójú tiwọn, àdúrà ti parí. Èyí tí ó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé ìjọ.

Ìwé kékeré yẹn ni ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lé lórí. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ìkéde kì í ṣe ohun tí a fi lé ìsìn lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ẹ ti ń gbọ́ nípa àwọn ènìyàn tí ìsàmì yóò so yín pọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ omi ìsàmì, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ àwọn tí omi náà ń sọ di ará rẹ̀, kò tíì mọ ohun tí ó ń tọrọ.

1. Àmì ta ni?

Láti ṣàmì ni láti fi àmì sí ènìyàn. Àwọn tí ń sin ewúrẹ́ a máa fi àmì sí i ní etí, kí a lè dá a mọ̀ bí ó bá jẹ̀ lọ sí oko olóko. Àmì kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó ń sọ: ó ń sọ ẹni tí ó ni ẹran náà, ó sì ń sọ ilé tí ẹran náà yóò padà sí ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìsàmì rí. Ó sọ wá di ti Kristi, ó sì sọ wá di ará ilé rẹ̀. A kò lè gba ọ̀kan kí a kọ èkejì. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, orí kejìlá: ẹ̀yà púpọ̀ ni wá, a sì di ara kan; kò sí ẹ̀yà kan tí ó lè lé èkejì sẹ́yìn pé òun kò nílò rẹ̀.

Ẹ wo àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́. Nínú Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kejì, a kà pé lẹ́yìn ìwàásù Pétérù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni ó gba ìsàmì ní ọjọ́ kan. Kí ni wọ́n ṣe lẹ́yìn náà? Wọn kò tú ká, kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n dúró ṣinṣin nínú ohun mẹ́rin: ẹ̀kọ́ àwọn Àpọ́sítélì, ìgbé ayé àjọṣe, bíbu àkàrà, àti àdúrà. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ẹni tí ó há gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn katikísìmù sórí ti ṣe iṣẹ́ rere, a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ ẹni tí ó jókòó tì í ní orí àga, bí kò bá mọ orúkọ aláìsàn kan nínú ìjọ, ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn.

2. Àwọn tí ó pa ìjọ mọ́ láìní àlùfáà

Ó dára kí ẹ mọ̀ bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1856 ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì ti Áfíríkà sílẹ̀ ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1861, àlùfáà ẹgbẹ́ náà kan, Francesco Borghero, gúnlẹ̀ sí Ouidah. Láti etíkun yìí ni iṣẹ́ náà ti gba Àjàṣẹ́, èyí tí a tún ń pè ní Porto-Novo, kí ó tó wọ inú ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1954 ni Àjàṣẹ́ di ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù, abẹ́ rẹ̀ sì ni ilẹ̀ Adja-Ouèrè wà títí di òní.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Borghero dé Èkó ní ọdún 1863, kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ mú orúkọ Jésù wọ ibẹ̀ fún àwọn Àgùdà. Ó bá wọn níbẹ̀. Àwọn tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n sì padà wá sílé, ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọkùnrin kan tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Antonio ni orúkọ rẹ̀. Kò gba oyè àlùfáà, síbẹ̀ Padre Antonio ni àwọn ènìyàn ń pè é, nítorí iṣẹ́ bàbá ni ó ń ṣe láàárín wọn: ó ń darí àdúrà, ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́, ó ń dúró ti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọdún 1868 ni àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Èkó.

Ẹ rò ó wò. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọn kò ní àlùfáà tí yóò máa rú ẹbọ Mísà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọn kò sì ní ẹni tí wọn yóò máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún. Ohun tí wọ́n ní ni pé wọ́n ń pàdé, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì ń sin òkú ara wọn. Bí wọ́n bá ti sọ pé ó di ìgbà tí àlùfáà bá dé kí àwọn tó jọ péjọ, bóyá àlùfáà kì bá ti bá ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa lónìí, àlùfáà kò lè wá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, katikísì ni ó ń darí àdúrà. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe sọ pé, «Kò sí Mísà lónìí, ẹ jẹ́ kí n lọ sí oko.» Ibi tí àwọn ará bá péjọ ní orúkọ Olúwa, Olúwa ti dé ibẹ̀ ṣíwájú yín.

3. Ohun tí ń bọ̀ níwájú, àti ipa tiyín nínú rẹ̀

Ní ọdún 1963, Ìgbìmọ̀ Ńlá Fatikánì Kejì pàṣẹ pé kí a dá ètò ẹ̀kọ́ ìsàmì fún àwọn àgbà padà, kí ó sì máa lọ ní ìpele-ìpele bí ó ti rí láyé àtijọ́. Ní ọdún 1972 ni Róòmù gbé ìwé ètò náà jáde. Òun ni a ń tẹ̀lé. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun wọ̀nyí nínú ìkéde, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni a ń pè.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Àwẹ̀ Ogójì Ọjọ́ ni ọjọ́ Yíyàn, tí a ó kọ orúkọ yín sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù tàbí ẹni tí ó bá rán yóò béèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ yín ni yóò ti kọ́kọ́ béèrè. Àwọn tí yóò ṣe bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì yín ni yóò bi. Yóò bi wọ́n bóyá ẹ ti ń fetí sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Bóyá ẹ ti ń gbìyànjú láti rìn ní ọ̀nà rẹ̀. Bóyá ẹ ti ń bá àwọn ará gbé ní ìrẹ́pọ̀, tí ẹ sì ń bá wọn gbàdúrà. Báwo ni ẹni tí kò mọ̀ yín yóò ṣe dáhùn? Bí ẹ bá ti ń yọ́ jáde láti oṣù dé oṣù, ta ni yóò jẹ́rìí yín láìpurọ́ níwájú Ọlọ́run?

Nítorí èyí, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó yan bàbá tàbí ìyá ìsàmì. Òfin Ìjọ sọ pé ó yẹ kí ẹni náà ti pé ọdún 16, kí ó jẹ́ Kátólíìkì tí ó ti gba òróró ìfìdímúlẹ̀ àti Ara Olúwa, kí ó máa gbé ìgbé ayé tí ó bá ìgbàgbọ́ mu, kí ó má sì jẹ́ òbí tí ó bí yín. Kò sọ pé kí ó jẹ́ olówó. Àwọn kan a máa wá ẹni ńlá láti Kùtọnu tàbí láti Èkó, ẹni tí yóò ra aṣọ funfun, tí yóò ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, tí wọn kò sì ní rí mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ìyá oníṣu tí ẹ ń rí ní Mísà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò wá kan ilẹ̀kùn yín bí ẹ bá pa ọjọ́ Ìsinmi méjì jẹ, sàn fún ọkàn yín ju ìyẹn lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún nínú Àwẹ̀, a ó gbàdúrà lé yín lórí kí Ọlọ́run wẹ ọkàn yín mọ́. Ìyìn Rere mẹ́ta tí a ó kà wà nínú ìwé Jòhánù. Obìnrin ará Samáríà bá Jésù pàdé níbi kànga. Ó fi ìkòkò omi rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ pe àwọn ará ìlú. Ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú ríran. A lé e jáde kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, Jésù sì wá a kàn. Lásárù jáde láti inú ibojì, ṣùgbọ́n aṣọ òkú ṣì dì í tọwọ́ tẹsẹ̀. Jésù ni ó jí i dìde. Síbẹ̀ àwọn tí ó dúró yí i ká ni ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ọlọ́run lè dá ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wù ú kí ọwọ́ àwọn ará wà nínú ìtúsílẹ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ń gbàdúrà lé yín lórí ní gbangba, tí kì í ṣe ní kọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àwọn àlùfáà rẹ̀ yóò bùkún àwọn òróró mímọ́, a ó sì mú wọn dé páríìṣì kọ̀ọ̀kan. Ní Àìsùn Àjíǹde, a ó dá iná tuntun, a ó tan àbẹ́là Àjíǹde, a ó ka ìtàn ìgbàlà láti ìṣẹ̀dá ayé, a ó ké pe àwọn Ẹni Mímọ́ lórúkọ. Ẹ óò gba omi, aṣọ funfun, ìmọ́lẹ̀ àti òróró, ẹ óò sì jẹ Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ọjọ́ náà tó dé, ìkéde yóò ti máa béèrè àwọn tí yóò ṣa igi fún iná, àwọn tí yóò pọn omi, àwọn tí yóò tọ́jú àwọn tí ó ti abúlé jíjìn wá. Ẹ má dúró kí a pè yín lórúkọ.

4. Òjò àkọ́rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù nìyí. Ọjọ́ Àjíǹde kì í yá ju ọjọ́ 22 oṣù Kẹta lọ, kì í sì í pẹ́ ju ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin lọ. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa ní àkókò yẹn: òjò àkọ́rọ̀ ni. Ilẹ̀ ti rọ̀, àgbàdo gbọ́dọ̀ wọlẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi ìgbà gbígbìn ṣeré yóò fi ìgbà ìkórè sunkún. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ Àjíǹde títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì, àádọ́ta ọjọ́, ni Ìjọ yà sọ́tọ̀ láti tọ́ àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàmì fún. Àkókò méjèèjì pàdé. Ibẹ̀ ni a ti ń pàdánù ọ̀pọ̀ ènìyàn: aṣọ funfun wọ inú àpótí, oníṣọ̀ọ́ wọ inú oko, nígbà tí òjò yóò sì fi dá, ẹsẹ̀ ti gbàgbé ọ̀nà ilé Ọlọ́run.

Ìjọ kò sọ pé kí ẹ má gbin àgbàdo. Ebi kì í ṣe ìwà mímọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí ń gbin irúgbìn tí ó sì ń fi í sílẹ̀ láìroko títí ọjọ́ ìkórè. Ìsàmì náà ní èèhù, ó sì ń fẹ́ kí a roko yí i ká ní kùtùkùtù. Ẹ jẹ́ kí á dá ìmọ̀ràn kan: kí ẹ̀yin tí ẹ jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ pọ̀ ṣe àdéhùn nísinsìnyí, kí òjò tó rọ̀, pé ẹ óò máa fi ọ̀wẹ̀ ran ara yín lọ́wọ́. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jọ gbin oko ẹnìkan ní ọjọ́ kan, ọjọ́ Ìsinmi olúkúlùkù yóò ṣí sílẹ̀.

Bákan náà ni ti ọjà. Bí ọjà yín bá jẹ́ ọrọọrún, yóò bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ lè ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ sí Mísà òwúrọ̀ kí ẹ tó gbé igbá, tàbí kí ẹ lọ sí ti ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta níbi tí ó bá wà.

5. Ìjọ ju àró lọ

Àwọn baba wa mọ ìgbé ayé àjọṣe kí ìhìn rere tó dé. Wọ́n ń ṣe àró: lónìí oko mi, lọ́la oko rẹ. Ẹ̀kọ́ dáadáa ni, a sì ń lò ó nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n àró ní ìṣirò: ẹni tí kò bá lọ sí oko ẹlòmíràn, a kì í lọ sí tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àró nìkan ni ìjọ, kí ni a ó ti ṣe opó tí kò ní agbára mọ́? Kí ni a ó ti ṣe ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tàbí àlejò tí yóò kọjá lọ lọ́la? Nígbà tí a kò tíì ní ohunkóhun tí a lè fi san án padà ni Kristi ti kú fún wa. Nítorí náà, bí ìkéde bá pè yín síbi àìsàn tàbí síbi ọ̀fọ̀, ẹ má ṣe kọ́kọ́ ṣírò bóyá àwọn ará ilé náà ti wá sí tiyín rí. Ibi tí ìṣirò bá ti parí ni oore-ọ̀fẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé: «Ẹnikẹ́ni kò kí mi níbẹ̀.» Òmíràn yóò sọ pé àwọn tí ó ti gba ìsàmì ń jà, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ara wọn lẹ́yìn. A kò ní pa irọ́ fún yín: òótọ́ ni, ó sì ń dùn wá. Ilé tí ẹ fẹ́ wọ̀ kì í ṣe ilé àwọn áńgẹ́lì. Ilé àwọn tí a ń dárí jì ni. Bí a kò bá kí yín, ẹ kọ́kọ́ kí wa. Bóyá ẹ̀yin ni Ọlọ́run rán láti rán wa létí ohun tí a gbà ní ọjọ́ ìsàmì tiwa.

6. Ẹ kì í ṣe àlejò

Ẹ má rò pé ìgbà tí omi bá kàn yín lórí ni Ìjọ yóò tó mọ̀ yín. Láti ọjọ́ tí a ti gbà yín sínú ẹ̀kọ́ ni Ìjọ ti ń fi ìfẹ́ gbà yín mọ́ra bí ọmọ tirẹ̀. Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 sọ ọ́ ní ọ̀nà tí kò ṣeé gbójú fò: bí ikú bá mú ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìsàmì lọ kí ọjọ́ náà tó pé, a ó sin ín gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin àwọn onígbàgbọ́. Ìjọ yóò péjọ, yóò gbàdúrà, yóò tẹ̀ lé e dé ibojì. Ìkéde tí a ó kà ní ọjọ́ náà yóò pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn ará yòókù.

Ìjọ tí ó ṣetán láti sin yín kò lè má fẹ́ bá yín gbé. Nítorí náà, ẹ jókòó, ẹ dúró gbọ́. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, tí a ń ṣe àjọ̀dún gbígbà Màríà sókè ọ̀run, tàbí nígbà tí àwọn ará bá ń múra ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí ihò àpáta Ìyá wa ní Dassa-Zoumé, kí ẹ lè sọ pé, «Àwa náà ń lọ.» Nígbà tí ó bá di ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, tí a ń rántí àwọn olóògbé, kí ẹ lè mọ ibojì àwọn tí a ń gbàdúrà fún.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ dúró títí ìkéde yóò fi parí. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣe é kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Nígbà tí ẹ bá tún péjọ fún ẹ̀kọ́, ẹ jọ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí: Ènìyàn mélòó ni mo mọ orúkọ wọn nínú ìjọ yìí? Ta ni yóò lè jẹ́rìí mi ní ọjọ́ Yíyàn, kí ni yóò sì sọ? Kí ni mo ti ṣètò fún ọjọ́ Ìsinmi mi nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀?

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Olúwa Ọlọ́run, ìwọ tí o ń kó àwọn tí ó fọ́n ká jọ, bojú wo àwọn ìránṣẹ́ rẹ wọ̀nyí tí wọ́n ń rìn bọ̀ wá síbi omi ìyè. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n dá rìn. Fún wọn ní etí láti gbọ́ ìpè rẹ nínú ìpè àwọn ará wọn, fún àwa náà ní ọwọ́ láti gbà wọ́n. Mú irúgbìn tí o gbìn sínú wọn dé ìgbà ìkórè. Nípa Kristi Olúwa wa. Àmín.